Irin Gbígbé àti Sẹ́ẹ̀lì Funfun Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí A Ṣe Ń Gbé E, àti Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Láàbù Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹni tó ti jíìmù gba láàbù lọ, tí òógùn kò tíì gbẹ lára rẹ̀, lè gba ìwé èsì tó ń pariwo àìsàn tí kò sí. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ á ti ga, wọ́n á ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì kọ oògùn apakòkòrò ọlọ́jọ́ márùn-ún fún un. Bó bá fi wákàtí méjì jókòó sílé kó tó lọ, límúfósáìtì rẹ̀, ìyẹn irú kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun, á ti já wálẹ̀, ẹlòmíràn á sì sọ fún un pé ètò ààbò ara rẹ̀ ti ń kú lọ. Ara kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, kò sì sí àìsàn kankan níbẹ̀. Irin tó gbé ló mi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn tó ń gbé irin ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, yálà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní jíìmù àdúgbò ní Sábó, tàbí ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ó wà fún àwọn tó ń kọ́ wọn pẹ̀lú, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe ìlú

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa kí a tó gbé ohunkóhun. Nínú gbogbo límúfósáìtì tó wà lára ènìyàn, nǹkan bí 2 nínú 100 péré ló ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó kù wà nínú ọlọ inú, nínú àwọn kókó kéékèèké ọrùn àti abíyá, nínú mùdùnmúdùn egungun, lára ìfun àti nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ti nútírófíìlì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, tún yàtọ̀: nǹkan bí ìdajì àwọn tó ti wọ òpójẹ̀ ló máa ń fara ti ògiri rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tí a fi fa ẹ̀jẹ̀ ní apá kò lè bá wọn.

Ẹni tó bá dúró ní Ẹnúwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni ń jáde lọ sí Òkè-Mògún, tó wá ń ka orí, yóò rò pé Ifẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Kó padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò rò pé ará ìlú ti ṣí lọ. Ìlú kò pọ̀ sí i, kò sì dín. Àwọn ènìyàn jáde ni, wọ́n sì padà sílé. Orí tí a kà lójú ọ̀nà ni láàbù ń kọ sínú ìwé èsì. Ẹni tó bá mú èyí sọ́kàn, gbogbo ohun tó kù níhìn-ín kò ní ṣòro fún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹ̀jẹ̀ yín nígbà tí ara sinmi

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta: FBC (èyí tó ń ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀), jẹ́nótáìpù, àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti jẹ́nótáìpù kì í ṣe fún ìgbéyàwó nìkan. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ẹni bẹ́ẹ̀ sì ní ìlànà tirẹ̀ lábẹ́ irin, tí a ó sọ níwájú. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gbé irin wúwo láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀, tó sì fọwọ́ sí i.

Fún FBC tó ṣeé gbára lé, ẹ má gbé irin rárá láàárín wákàtí 48 tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì máa lọ ní àkókò kan náà nígbàkígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe é, torí límúfósáìtì máa ń pọ̀ lálẹ́ ju òwúrọ̀ lọ lára ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá dé láàbù, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Gígun àtẹ̀gùn kíákíá nìkan tó láti mú sẹ́ẹ̀lì funfun gòkè díẹ̀. Okùn tí wọ́n so mọ́ apá kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ má sì máa pa ọwọ́ dé, ṣí i, pa á dé. Ìgò olómorí àwọ̀ elésè-àlùkò ni wọ́n ń fi gba ẹ̀jẹ̀ yìí; kí ẹni tó fà á rọra yí i lójúdé àti lójúṣí ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá. Bí kò bá yí i dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á dì díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka iye tó kéré sí òótọ́.

Bí èsì bá dé, ẹ má ka ìdá nínú 100 nìkan. Ẹ ṣe ìṣirò iye gan-an: gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun lọ́nà ìdá náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 5,000 nínú máíkírólítà kan, tí nútírófíìlì sì jẹ́ 35 nínú 100, 1,750 ni. Ìwé láàbù sábà máa ń fi 4,000 sí 11,000 ṣe ààlà fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Àìní àmì yìí ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ibà Plasmodium vivax, òun náà ló sì ń jẹ́ kí nútírófíìlì inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré ju ti òyìnbó lọ. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1,300 nígbà gbogbo, tí kì í ṣàìsàn lemọ́lemọ́, iye tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ tọ́jú ìwé náà. Iye yìí ni ẹ ó máa fi wé èyí tó bá tẹ̀lé e, kì í ṣe ààlà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to ẹrù náà díẹ̀díẹ̀

Ohun tó ń mi sẹ́ẹ̀lì funfun jù kì í ṣe ìwúwo irin nìkan. Ohun mẹ́ta ló ń pàdé: bí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ṣe tóbi tó, bí àpapọ̀ sẹ́ẹ̀tì ṣe pọ̀ tó, àti bí ìsinmi àárín wọn ṣe kúrú tó. Ìlóṣòó pẹ̀lú irin ní èjìká, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́nà mẹ́rin, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan péré, yóò da ẹ̀jẹ̀ rú ju ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta tó wúwo gan-an pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Apá nìkan tí ẹ ń ká kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan.

Ètò tí a máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkejì: ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàárín wọn. Iṣẹ́ márùn-ún: ìlóṣòó, gbígbé irin láti ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó nà, títi irin sókè ní ìdùbúlẹ̀, fífa irin sáyà, àti títì í sókè orí. Sẹ́ẹ̀tì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá-mẹ́wàá, kí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ṣì lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí i nígbà tí ẹ bá dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kí ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹjọ-mẹ́jọ, kí ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Ìsinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín sẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tí ẹ bá ti fi bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣiṣẹ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan dín iye sẹ́ẹ̀tì kù sí ìdajì, ẹ má fi kún ohunkóhun. Àfikún ìwúwo kò gbọdọ̀ ju kílò 2.5 lọ lọ́sẹ̀ fún apá, kílò 5 fún ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò ní irin, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí omi kún jẹ́ kílò 26 pẹ̀lú ike rẹ̀. Ti 5 lítà jẹ́ kílò 5 àti díẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n omi pinnu ẹrù, kí ẹ sì dé ìdérí rẹ̀ pinpin. Àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ń lóṣòó.

Ìdí tí a fi ń lọ díẹ̀díẹ̀ báyìí wà nínú iṣan fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń sọ irin kalẹ̀, tí iṣan ń nà lábẹ́ ẹrù, ló ń ya jù. Láàárín wákàtí díẹ̀, nútírófíìlì ti wọ ibi tó ya, ó ń gbá ilẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mónósáìtì, sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn tó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, di ajẹ̀dọ̀tí ńlá nínú iṣan náà: ìpín àkọ́kọ́ ń kó èérún iṣan kúrò, ìpín kejì ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò tún un mọ. Ìrora tí a ń gbọ́ láti wákàtí 24 sí 72 wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá tún da ẹrù kan náà lé iṣan kan náà kí ìpín kejì tó parí, ẹ ń wó ilé lé àwọn kọ́lékọ́lé lórí. Lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ kan náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, yíya rẹ̀ á ti dínkù gan-an, sẹ́ẹ̀lì tó máa wọ ibẹ̀ á sì dínkù pẹ̀lú. Ìyẹn ni ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó rọrùn rà.

Ìgbésẹ̀ 3: Lọ́jọ́ iṣẹ́, ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú

Ẹ wọn ara yín lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mu omi bí 500 mílílítà láàárín wákàtí méjì tó ṣáájú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 mú ara gbóná: rírìn kíákíá, lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú irin lásán, òmíràn pẹ̀lú ìdajì ẹrù. Nínú oṣù Kejì àti Ìkẹta, tí oòrùn Ifẹ̀ ń mú, ẹ ṣe é kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí irin bá dé èjìká, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ọkàn ń sáré, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbá ògiri òpójẹ̀ pẹ̀lú agbára, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara tì í á já. Ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín náà tú adirẹnálíìnì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń ta ara jí, sílẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní ibi tí adirẹnálíìnì ń so mọ́ lára wọn lọ́pọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dáhùn. Sẹ́ẹ̀lì NK, ọ̀kan lára àwọn límúfósáìtì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ tàbí èyí tó fẹ́ di jẹjẹrẹ, ló ń ṣáájú. Iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó parí. Sẹ́ẹ̀lì T irú CD8, límúfósáìtì mìíràn, tẹ̀lé e. Sẹ́ẹ̀lì T irú CD4 kì í jáde tó bẹ́ẹ̀, límúfósáìtì tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B ló sì ń lọ́ra jù. Àwọn tó jáde yìí jẹ́ àwọn tó ti mọ ogun, àwọn tó lè wọ inú ẹran ara kí wọ́n sì jà níbẹ̀. Ọgbọ́n ara ni: iṣẹ́ líle dà bí ìjà tàbí sísá fún ìjà, ọgbẹ́ sì lè tẹ̀lé e.

Omi pẹ̀lú ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú iṣan tó wú. Èyí nìkan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ki ju bó ṣe wà lọ. Bí PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀, bá kúrò ní 42 sí 46, apá kan nínú gíga sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ àìsí omi lásán. Ẹni tó ń ka èsì láìwo PCV yóò rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1902 ni oníṣègùn Larrabee ti tẹ ìwé jáde lórí àwọn tó sáré máratọ́ọ̀nù ní Boston, Amẹ́ríkà, pé sẹ́ẹ̀lì funfun wọn ga lẹ́yìn eré.

Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ bí orí bá ń yí yín, bí àyà bá ń dùn, tàbí bí iṣan kan bá rọ lójijì láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹni AS: kí ìsinmi àárín sẹ́ẹ̀tì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó má gbé dé ibi tí kò ti lè gbé mọ́, kí ó má bá ẹnikẹ́ni figagbága nínú ooru, kí ó sì máa mu omi láàárín iṣẹ́. Iṣan AS tó gbóná, tí omi rẹ̀ ti gbẹ, tí èémí kò sì tó, lè mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí dòjé. Ìrẹ̀wẹ̀sì iṣan pẹ̀lú ìrora ní itan tàbí ẹ̀yìn láàárín iṣẹ́ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ lára ẹni AS. Ẹ dá a dúró, ẹ fi omi fún un, bí kò bá sì rọlẹ̀ kíákíá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ 4: Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀

Adirẹnálíìnì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń lọ. Límúfósáìtì tẹ̀lé e. Láàárín wákàtí kan sí méjì, iye wọn lè lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mọ́ọ̀nù mìíràn tí kì í yára bí adirẹnálíìnì, ń fa nútírófíìlì tuntun jáde láti mùdùnmúdùn egungun, wọ́n sì lè máa pọ̀ sí i fún wákàtí díẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí 24, gbogbo rẹ̀ ti padà sípò.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí a fi iye tó rọrùn ṣe kí ìṣirò lè yé wa. Kí ó tó gbé irin: 5,000, nútírófíìlì 45 nínú 100, ìyẹn 2,250, límúfósáìtì 45, ìyẹn 2,250. Lójú ẹsẹ̀ tó parí: 7,000, nútírófíìlì 42, ìyẹn 2,940, límúfósáìtì 49, ìyẹn 3,430. Lẹ́yìn wákàtí méjì: 6,500, nútírófíìlì 68, ìyẹn 4,420, límúfósáìtì 25, ìyẹn 1,625. Lọ́jọ́ kejì: 5,100, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwé kẹta nìkan yóò sọ pé bakitéríà ni. Ẹni tó bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò mọ̀ pé ènìyàn kan gbé irin.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé ìlọsílẹ̀ yìí jẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún àìsàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí máratọ́ọ̀nù Los Angeles ti 1987 ló fún èrò náà lágbára: nǹkan bí 13 nínú 100 àwọn tó sáré ló ní òtútù mú wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ó jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 100 láàárín àwọn sárésáré tó múra sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò kópa. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn sárésáré fúnra wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò fi owú tọ́ ọ̀fun wọn wò láàbù. Ní 2018, Campbell àti Turner ti Yunifásítì Bath tako ìtumọ̀ náà gan-an: wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tó kúrò lójú ọ̀nà kò kú, wọ́n lọ sẹ́nu iṣẹ́ ni. Nínú eku tí wọ́n fi àmì sí sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun àti mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti bá wọn lẹ́yìn eré sísá, àwọn ibi tí kòkòrò ń gbà wọlé gan-an.

Ìdájọ́ tiwa ni pé èrò ti Campbell àti Turner bá ohun tí à ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ mu ju ti àtijọ́ lọ, ó kéré tán fún ẹni tó ń gbé irin fún wákàtí kan. Ibi tí òtútù ti ń wọlé rọrùn láti rí: ọwọ́ tó di irin tí ogún ènìyàn ti dì mú, tó wá lọ nu imú, tówẹ́ẹ̀lì kan fún ènìyàn mẹ́ta, kọ́rọ́pẹ́ tó kún dẹ́nu tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé nígbà ọyẹ́. Torí náà, lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kan ojú, ẹ nu irin kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ tó rin. Kò sí ìdí láti sá fún ènìyàn fún wákàtí mẹ́ta.

Ẹ tún wọn ara yín. Kílò kan tó bá dín jẹ́ nǹkan bí lítà omi kan; ẹ fi lítà kan àtààbọ̀ dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Oúnjẹ, oorun, àti ohun tí kò yẹ kí ẹ gbé mì

Iṣẹ́ àtúnṣe ń fẹ́ èròjà. Púrótéènì gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan lójúmọ́ tó. Fún ẹni kílò 70, gíráàmù 112 ni. Ẹyin mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 18. Ife ẹ̀wà sísè méjì, nǹkan bí 30. Ẹja Títùsì gíráàmù 200, bí 40 sí 45. Ìyókù á ti inú ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹ̀gúsí àti ẹran ọbẹ̀ wá. Kì í ṣe dandan kí ẹ ra ìyẹ̀fun olówó ńlá. Ẹ má sì gbé irin wúwo lórí òfo ikùn lójoojúmọ́: àìtó súgà nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí kọ́tísọ́ọ̀lù ga sí i. Iyán ọ̀sán, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ní wákàtí kan ṣáájú, ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Oorun ni ẹ̀yà ètò yìí tí a fojú kéré jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì òtútù sí imú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn tí kò sùn tó wákàtí mẹ́fà ló ní òtútù náà jù, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn tó sùn ju wákàtí méje lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ń dí oorun yín lọ́wọ́ títí di agogo méjìlá, ẹ má gbé irin wúwo ní agogo márùn-ún ìdájí. Ẹ sùn, kí ẹ gbé e nírọ̀lẹ́.

Fítámì C 1,000 mg lójoojúmọ́ kò wúlò fún ẹni tó ń jẹ ọsàn; ó tilẹ̀ lè dí ara lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ fẹ́ kọ́ ọ. Ibuprofen 1,200 mg lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dín bí iṣan àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń tóbi kù nínú ìwádìí, bóyá torí ó ń dí àwọn kọ́lékọ́lé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ iṣẹ́. Pẹ̀lú àìmu omi, ó tún ń ṣe kíndìnrín níbi.

Èyí tó ń ká wa lára jù ni dexamethasone tí àwọn kan ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láti fi sanra. Ohun tó ń sanra níbẹ̀ jẹ́ omi àti ọ̀rá. Ó ń gbé nútírófíìlì sókè lójú ọ̀nà, ó ń fa límúfósáìtì wálẹ̀, ó sì ń tẹ ètò ààbò ara rì ní tòótọ́, èyí tí irin kì í ṣe. Ó tún ń jẹ iṣan. Bí ẹ bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ lọ bá dókítà kó sọ bí ẹ ó ṣe dín in kù.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ara kò bá yá

Imú tó ń ṣomi nìkan, láìsí ibà: ẹ lè ṣe ìdajì iṣẹ́ pẹ̀lú ìdajì ẹrù. Ibà, ara ríro, ikọ́ inú àyà, ìgbẹ́ gbuuru: ẹ má gbé ohunkóhun. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan lè kan iṣan ọkàn, iṣẹ́ líle lásìkò náà sì lè da ọkàn rú. Ẹ dúró títí ibà yóò fi lọ fún ọjọ́ méjì láìlo Paracetamol, kí ẹ wá fi ìdajì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan padà sí iye àtijọ́.

Ẹ má gbàgbé ibà ẹ̀fọn. Ìrora ara lọ́jọ́ kejì irin àti ìrora ibà jọra, àwọn kan a sì gbé oògùn ibà mì torí itan tó ń dùn wọ́n. Irin kì í fa ara gbígbóná tó dé 38°C lọ́jọ́ kejì, kì í sì fa òtútù tó ń gbọ̀n ni. Bí ẹ bá rí ìwọ̀nyí, ẹ gún ìka fún àyẹ̀wò ibà kí ẹ tó lo oògùn. Nínú FBC, àmì kan wà tó máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: ibà ẹ̀fọn sábà máa ń fa plátílẹ́ẹ̀tì, àwọn ohun kéékèèké tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wálẹ̀, nígbà tí irin gbígbé máa ń gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀, torí ọlọ inú ń tú u síta.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sọ ọ́ ní láàbù

Gbólóhùn kan lórí fọ́ọ̀mù á gba gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ ìdààmú: "Ó gbé irin wúwo ní ọjọ́ báyìí, agogo báyìí." Bí ẹ kò bá rí àyè kọ ọ́, ẹ fẹnu sọ ọ́ fún dókítà. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ga, tí kò sí ibà, tí ẹ sì gbé irin lọ́jọ́ náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48 kí ẹ tó mu oògùn apakòkòrò. Ẹni tó ní ibà, tàbí tí ara rẹ̀ ń wó, kò gbọ́dọ̀ fi irin ṣe àwáwí. Kí ó gba ìtọ́jú.

FBC nìkan kọ́. AST àti ALT, tí wọ́n ń fi wo ẹ̀dọ̀, wà nínú iṣan náà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 ní Sweden, ọkùnrin 15 tí ara wọn le, tí irin kò mọ́ lára, gbé e fún wákàtí kan; ó kéré tán ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀, AST àti ALT wọn ṣì ga. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, bóyá fún iṣẹ́ tàbí fún físà, kó fi irin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán kí ó tó rántí, kí wọ́n fi CK, tó ń ti inú iṣan wá, àti GGT, tí kì í ti inú iṣan wá, kún un: tí CK bá ga, tí GGT sì wà sípò, iṣan ló ń sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìtọ̀ dúdú

Ìrora tó ń dínkù láti ọjọ́ kẹta jẹ́ ti iṣẹ́. Èyí tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ni iṣan tó wú tó le gbagidi, apá tí kò lè ká tàbí nà mọ́, àìlágbára tó ń pọ̀ sí i, àti ìtọ̀ tó dà bí Coca-Cola tàbí zobo. Iṣan ti fọ́ ju bí àwọn ajẹ̀dọ̀tí ṣe lè kó lọ, ohun pupa inú rẹ̀ ti tú sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dí kíndìnrín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó wá ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, sí ẹni tí wọ́n fi ìlóṣòó ọgọ́rùn-ún jẹ níyà, àti sí ẹni AS nínú ooru. Ẹ má mu àgbo, ẹ má mu ibuprofen, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gbé irin àti bí ó ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì béèrè fún CK, kreatíníìnì, pọtásíọ̀mù àti àyẹ̀wò ìtọ̀. Bí ẹ bá lè tọ̀ sínú ike mímọ́ kí ẹ tó jáde nílé, ẹ gbé e dání, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí àwọ̀ náà.